Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Di Ọ̀ta Nídìí Ayò Go

Go jẹ́ ayò kan tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Ṣáínà, ó sì ti lé ní 2,500 ọdún tí wọ́n ti ń ta á. Ènìyàn méjì ló ń ta á lórí ọpọ́n tí wọ́n fa ìlà 19 sí lóròó àti 19 sí ní ìbú. Ọ̀kan ń lo ọmọ ayò dúdú, èkejì ń lo funfun. Ọmọ ayò tí alátakò bá yí ká pátápátá, wọn a yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá gba ààyè jù lórí ọpọ́n ló borí.

Ní ọdún 1997, kọ̀ǹpútà Deep Blue ti borí Garry Kasparov nínú eré ṣẹ́ẹ̀sì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ayò Go lè gbà lọ pọ̀ débi pé kò sí kọ̀ǹpútà tó lè ṣírò rẹ̀ tán. Ilé iṣẹ́ DeepMind ní London ló wá dá ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n fi àkọsílẹ̀ ayò tí àwọn ènìyàn ti ta kọ́ AlphaGo, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kó máa bá ara rẹ̀ ta.

Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ní Seoul, olú ìlú Kòríà Gúúsù, AlphaGo borí Lee Sedol, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀ta tó lókìkí jù lágbàáyé, nínú ayò mẹ́rin. Lee jẹ ẹyọ kan péré. Ní ọdún 2019, Lee fi iṣẹ́ ayò títa sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà kò ṣeé borí mọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 2023, ìròyìn jáde pé Kellin Pelrine, ọmọ Amẹ́ríkà tí ayò kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, borí KataGo, ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tó lágbára gan-an, nínú ayò 14 láàárín 15. Ó ń fi ibòmíràn lórí ọpọ́n tan ẹ̀rọ náà, ó sì ń yí ọmọ ayò rẹ̀ ká díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ènìyàn ì bá tètè rí, ẹ̀rọ náà kò rí i. Kọ̀ǹpútà mìíràn ni wọ́n fi ṣàwárí àléébù yìí, ṣùgbọ́n ènìyàn ló kọ́ ọ, tó sì dá a ta.

Ohun tí a rí dì mú níbẹ̀ ni pé ẹ̀rọ lè mọ nǹkan kan ju gbogbo wa lọ, kí ó sì ṣìnà níbi tí òpè kò ti ní ṣìnà. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá mú ìdáhùn wá láti inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ẹ má kàn gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín.