Ta Ni Ó Wà Nínú Agọ̀?

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ìdáhùn kan tí ó máa ń yọjú nínú ìdánwò Yorùbá, pé eégún ni 'ènìyàn tí ó da aṣọ borí'. Ṣé ó yẹ kí olùyẹ̀wò fún un ní máàkì?

Ní Ìbàdàn, títí dé àwọn ìletò bí Olódò, bí ọkùnrin bá ti wọ agọ̀, a kì í fi orúkọ àbísọ pè é mọ́. Orúkọ eégún ni a ń pè, oríkì eégún ni a ń kì. Ohùn rẹ̀ a ki, kò ní jọ ti ènìyàn mọ́; atọ́kùn ni yóò sì máa tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ wo Olóòlù, eégún Ìbàdàn tí obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kàn. Àwọn tí ó ń gbé e ń yí padà láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n Olóòlù kò pààrọ̀ orúkọ.

Samuel Johnson, tí ó ṣe olùkọ́ ní Ìbàdàn kí ó tó di àlùfáà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ó sọ níbẹ̀ pé bí eégún tilẹ̀ dúró fún ọmọdé tí ó kú, àwọn òbí rẹ̀ a máa bu ọlá fún un, òun náà a sì kí wọn bí àgbà ti ń kí ni. Ọ̀run ni ó fún un ní ipò yẹn, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ti eégún alárìnjó yàtọ̀. Ní 1826, Clapperton àti Lander wo eré wọn níwájú Aláàfin ní Ọ̀yọ́ Ilé. Wọ́n rí idán òjòlá. Wọ́n sì rí òyìnbó tí òtútù ń mú, tí ó ń fín áṣáà, tí ó ń tẹlẹ̀ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Àwọn òǹwòran ń bi àwọn àlejò náà bí eré ọ̀hún ti dára tó. Jíjọ ni iṣẹ́ onídán. Òyìnbó inú agọ̀ yẹn kì í ṣe baba ẹnikẹ́ni.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ̀ pé ènìyàn wà nínú agọ̀. Mímọ̀ yàtọ̀ sí wíwí. Èyí ni a fi ń pè é ní awo.

Èrò wa ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ ohun mẹ́ta: ẹni tí ó gbé eégún, eégún tí ó ní orúkọ àti oríkì tirẹ̀, àti ará ọ̀run tí ìdílé ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá kọ ti àkọ́kọ́ nìkan, máàkì kan nínú mẹ́ta ni ó tọ́ sí i.