Òdòdó ẹ̀gbẹ́ tòmátì: ọgbọ́n àtijọ́ ta ni?

Ẹ̀yin tèmi, gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí fóònù mi báyìí, àwòrán kan náà ni mò ń rí: tòmátì nínú ike, òdòdó marigold aláwọ̀ ọsàn ní ọ̀tún, basil tó jẹ́ ọmọ ìyá efínrín wa ní òsì. Wọ́n á wá kọ "ọgbọ́n àtijọ́" sí i lórí. Àtijọ́ ti ta? Mo lọ wá a wò. Ẹ jókòó o, ó gùn díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé tòmátì fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, kì í sì í ṣe ọmọ Ítálì, bó ti wù kí wọ́n jẹ ẹ́ tó níbẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn ìbátan rẹ̀ inú igbó wà, Mẹ́síkò ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun oko. Xitomatl ni àwọn Aztec ń pè é. Kí àwọn Sípéènì tó gba Tenochtitlan lọ́wọ́ wọn ní 1521, oko àgbìnpọ̀ ni wọ́n ń dá, èyí tí wọ́n ń pè ní milpa: àgbàdo á dúró, ẹ̀wà á gun àgbàdo, elégédé á tẹ́ sílẹ̀ kí koríko má ráyè. Tòmátì wẹ́wẹ́ náà máa ń hù láàárín wọn.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù: marigold náà, Mẹ́síkò ni ilé rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní "African marigold" yẹn ò mọ Áfíríkà rí kí òyìnbó tó gbé e kiri. Ọmọ ìlú kan náà ni òun àti tòmátì.

Àmọ́ àkójọ "ta ló fẹ́ràn ta" tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì ò ti ọwọ́ Aztec wá. Inú ìwé òyìnbó àná-àná ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti wá. Helen Philbrick àti Richard Gregg gbé Companion Plants and How to Use Them jáde ní 1966. Louise Riotte gbé Carrots Love Tomatoes jáde ní 1975, ìyẹn ló wá gbòde kan. Àwọn Philbrick gbára lé iṣẹ́ Ehrenfried Pfeiffer, ẹni tó máa ń po omi ewé mọ́ copper chloride, tí á wá wo bó ṣe dì. Bí ó bá ṣe dì ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá irúgbìn méjì bá ara wọn mu. Ẹ gbọ́ o! Kò sí ebè, kò sí òjò, kò sí kòkòrò nínú ìdánwò yẹn.

Ṣé irọ́ wá ni gbogbo rẹ̀? Rárá o. Ti marigold ní ẹ̀rí. Àwọn aràn tíntìntín kan wà nínú ilẹ̀ tó ń mú kí gbòǹgbò tòmátì wú kókó-kókó. Ewé á pọ́n, èso á kéré. Ní 1941, G. Steiner kọ ọ́ ní Amẹ́ríkà pé àwọn aràn yìí kì í rí gbòǹgbò marigold jẹ dáadáa. Ní 1958, Uhlenbroek àti Bijloo ní Netherlands rí oògùn tó wà nínú gbòǹgbò náà tó ń pa wọ́n. Alpha-terthienyl lorúkọ rẹ̀.

Ibi tó dùn mí wá rèé. Kí ìwé wọ̀nyẹn tó dé, àwọn bàbá wa ti ń gbin iṣu sórí ebè, àgbàdo ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀gúsí á nà kálẹ̀, ilá àti ata á wà létí. Lójú ọ̀pọ̀ òyìnbó amúnisìn, rúdurùdu ni. Ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo, ní ìlà gbọọrọ, ni wọ́n ń pè ní iṣẹ́ àgbẹ̀ gidi. D. W. Norman ní yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, ló wá jókòó ti àwọn àgbẹ̀ abúlé, tó ka owó àti wákàtí iṣẹ́ wọn. Ohun tó tẹ̀ jáde ní 1974 ni pé èrè oko àgbìnpọ̀ lórí éékà kan ju ti oko ohun ọ̀gbìn kan ṣoṣo lọ, ọkàn àgbẹ̀ sì balẹ̀ sí i. Wọ́n ti fojú dọ̀tí wo ohun kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó tó padà wá sọ́dọ̀ wa nínú fídíò pẹ̀lú orin jẹ́jẹ́.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí inú bíbí yìí mú yín náwó lásán. Ẹ rántí oṣù karùn-ún 2016, tí ìjọba Kàdúná kéde ìpàjáwìrì, tí gbogbo wa ń pè é ní "Ebola tòmátì"? Tuta absoluta ni, Gúúsù Amẹ́ríkà lòun náà ti wá. Inú ewé àti inú èso ni ọmọ rẹ̀ ń gbé, inú ilẹ̀ sì ni oògùn gbòǹgbò marigold wà. Wọn ò ní í pàdé.

Tí ẹ bá fa tòmátì tu tí gbòǹgbò rẹ̀ wú kókó, ẹ fi marigold kún gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ fún oṣù méjì ó kéré tán, kí ẹ rò ó mọ́lẹ̀, kí ẹ tó gbin tòmátì míì síbẹ̀. Ẹyọ kan ní ẹ̀gbẹ́ ike, ẹwà lásán ni. Efínrín ní tiẹ̀, ẹ ṣáà gbìn ín, ọbẹ̀ ń dúró dè é.