Láti Orí Àáké dé Ayùn Ẹlẹ́ńjìnnì: Ìtàn Igi Gígé Nínú Igbó Ilẹ̀ Yorùbá

Igbó kìjikìji ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sà, ó la Ìjẹ̀bú àti Oǹdó já, ó sì ń fẹ́lẹ́ lọ bó ti ń súnmọ́ ọ̀dàn lókè. Inú rẹ̀ ni ìrókò, ọ̀gànwó, arère, afàrà, ìdígbó, ọmọ àti apá ti ń hù. Ìgbà mẹ́ta ni ìtàn gígé àwọn igi wọ̀nyí pín sí: ìgbà àáké, ìgbà ayùn ẹlẹ́ni méjì àti ìgbà ayùn ẹlẹ́ńjìnnì. Irinṣẹ́ tuntun kọ̀ọ̀kan ló ń mú kí igi tètè wó, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mú kí igi tètè dàgbà. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí irinṣẹ́ ṣe ń yí padà ni wọ́n ń wá ọ̀nà mìíràn tí igbó kò fi ní tán.

Nígbà àáké, igi ńlá kan ṣoṣo tó iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀. Gbòǹgbò irú igi bẹ́ẹ̀ máa ń yọ síta bí ògiri, ó sì lè ga ju èèyàn lọ. Àwọn agégi a fi igi àti okùn kan pẹpẹ yí i ká, wọn a gun orí rẹ̀, kí àáké lè bá igi náà níbi tí ara rẹ̀ ti ṣe róbótó. Bí igi bá wó tán, pákó kò tíì sí. Wọ́n á la ìtì igi náà pẹ̀lú igi ṣóńṣó tí wọ́n ń gbá wọ inú rẹ̀, wọ́n á sì fi àáké gbẹ́ ẹ títí yóò fi pẹlẹbẹ. Ìdí nìyí tí ilẹ̀kùn tó nípọn fi jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ ààfin àti ilé ọlọ́lá. Etí omi ni wọ́n ti ń lo odidi igi: àwọn agbẹ́kọ̀ Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú a máa gbẹ́ inú ìtì kan ṣoṣo di ọkọ̀.

Àgbẹ̀ ni alábòójútó igbó nígbà náà. Bí ó bá ń ṣán oko tuntun, kì í hú gbogbo kùkùté. Yóò dá àwọn igi ńlá kan sí, ìrókò pàápàá, yóò sì gé àwọn kéékèèké sílẹ̀ ní ìwọ̀n orúnkún. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan tí ilẹ̀ bá ti ṣá, yóò fi oko náà sílẹ̀. Kùkùté á rúwé, igi á sì tún gbó síbẹ̀ kí àgbẹ̀ tó padà wá. Ẹ̀sìn náà ń ràn án lọ́wọ́. Wọ́n gbà pé olúwéré ń gbé inú ìrókò, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gé e gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣètùtù. Igbó orò àti àwọn igbó òrìṣà mìíràn sì wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú àáké wọ̀.

Ayùn ńlá ẹlẹ́ni méjì dé pẹ̀lú ilé irú tuntun. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó bọ́ lóko ẹrú ń padà wálé: àwọn Sàró láti Freetown, àwọn Àgùdà láti Bùràsíìlì àti Kúbà. Káfíńtà àti bíríkìlà wà láàárín wọn. Ẹgbẹ́ míṣọ́nárì CMS dé Bàdágìrì ní 1845, wọ́n sì wọ Abẹ́òkúta ní 1846. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ ń fẹ́ pákó fún àjà, fèrèsé àti òrùlé, pákó tí àáké kò lè pèsè tó.

Àwọn lagilagi ló ń pèsè rẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ kòtò gígùn, wọ́n á yí ìtì igi sórí rẹ̀, wọ́n á sì fi okùn tí wọ́n kì bọ aró dúdú fa ìlà gbọọrọ sí i lára. Ẹnì kan á dúró lórí igi, ẹnì kejì á wọ inú kòtò. Ẹni òkè ló ń tọ́ ayùn lórí ìlà, ẹni ìsàlẹ̀ ló ń fà á wálẹ̀, òun náà sì ni ìyẹ̀ igi ń dà lé lórí. Iṣẹ́ yìí le, ó sì falẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí igi wó sí gan-an ni wọ́n ti ń là á, pákó nìkan ni wọ́n sì ń rù jáde.

Rọ́bà ló kọ́kọ́ fi hàn pé igbó lè tán, kì í ṣe pákó. Láàárín àwọn ọdún 1890, àwọn oníṣòwò ya lu igi ìrẹ́ fún oje rẹ̀. Ní 1895, rọ́bà tó kúrò ní èbúté Èkó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún pọ́n. Wọ́n kọ igi náà lára títí ó fi ń kú, òwò ọ̀hún sì wọmi láàárín ọdún díẹ̀. Ní 1897, ìjọba Èkó dá ẹ̀ka tó ń bójú tó igbó sílẹ̀. Ní 1899, wọ́n ya igbó Olókèméjì sọ́tọ̀ lẹ́bàá odò Ògùn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbin igi tíìkì ní 1902. Lẹ́yìn ìyẹn ni irú igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní igbó ọba, ń pọ̀ sí i: Ọmọ̀, Olúwa, Ṣáṣá. Òfin sọ pé kí onígẹdú gba ìwé àṣẹ, kí igi tó ìwọ̀n kan ní ìbú kí wọ́n tó gé e, kí olùṣọ́ igbó sì fi òòlù lu òǹtẹ̀ sí i lára. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lè múlẹ̀ dáadáa níbi tí gígé igi kan ti ń gba ọjọ́ púpọ̀.

Ṣùgbọ́n ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ń bọ̀; ilẹ̀ Jámánì wà lára ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Andreas Stihl ṣe èyí tó ń lo iná mànàmáná ní 1926, Emil Lerp sì dán èyí tó ń lo epo bẹntiróòlù wò lórí òkè Dolmar ní 1927. Ẹni méjì ló ń gbé irú ayùn bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Joseph Cox ṣàkíyèsí bí ìdin kan ti ń fi ẹnu jẹ igi lọ sọ́tùn-ún sósì, ó sì fi ìyẹn ṣe eyín ṣéènì tuntun tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1947. Nígbà tí Stihl fi gbé Contra jáde ní 1959, ayùn náà ti fúyẹ́ tó nǹkan bí kílò 12, ẹnì kan sì lè dá a lò. Àáké àti ayùn ẹlẹ́ni méjì ni èyí lé kúrò nínú iṣẹ́ onígẹdú, nítorí igi tó ń gba ọjọ́ púpọ̀ ti di iṣẹ́ wákàtí díẹ̀.

Ewu rẹ̀ náà yá kánkán, nítorí náà ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ kò gba àìbìkítà. Oṣù mélòó kan ṣáájú ni wọ́n ń gé ìtàkùn kúrò, torí igi tí ìtàkùn so mọ́ra lè fa òmíràn lulẹ̀ lójijì. Agégi á wo ibi tí igi tẹ̀ sí, á sì la ọ̀nà méjì tí yóò gbà sá sẹ́yìn. Níhà tí igi yóò wó sí, á gé ẹnu kan tó jinlẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún ìbú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ń gé e láti ẹ̀yìn, díẹ̀ sókè ju ẹnu náà lọ, á sì dá nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá sí láàárín méjèèjì. Ibi tí kò gé yìí ló ń darí igi wálẹ̀. Bí ó bá gé e tán, igi lè yí sí ibi tó bá wù ú. Bí orí ayùn bá ta padà sókè, bíréèkì ṣéènì ló ń dá a dúró, èyí tó di ohun tó wọ́pọ̀ láti àwọn ọdún 1970.

Àdánù tún wà nínú fífi ayùn yìí la pákó. Eyín rẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi mílímítà 8 nínú igi ní gbogbo ìgbà tó bá kọjá, ayùn sọ́mìlì kì í sì í jẹ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtì púpọ̀ fi ń lọ sí sọ́mìlì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí omi ni wọ́n máa ń so ọ̀pọ̀ rẹ̀ pọ̀ gbà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń fà á gba orí ọ̀sà dé àwọn sọ́mìlì Oko Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta.

Ìjọba wá ọ̀nà láti mú igbó hù padà. Láti 1944, wọ́n ń gé ìtàkùn, wọ́n sì ń fi májèlé pa àwọn igi tí ọjà kò fẹ́, kí oòrùn lè ráyè dé ọ̀dọ́ igi. Oòrùn wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìtàkùn ló jẹ àǹfààní rẹ̀ jù, wọ́n sì pa ètò náà tì láàárín àwọn ọdún 1960. Wọ́n yí sí igi gbíngbín. Ní Ọmọ̀, wọ́n gbin igi mèlínà lọ rẹpẹtẹ fún ilé iṣẹ́ bébà Ìwópìn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ti retí, igi náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn alápákó. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ fòfin de títa ìtì igi sílẹ̀ òkèèrè.

Igi tíìkì ló bá oníṣẹ́ kékeré lára mu jù. Kùkùté kéékèèké láti ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn ni wọ́n ń gbìn. Bí àlàfo bá jẹ́ mítà méjì síra, 2,500 ni yóò wọ hẹ́kítà kan. Ní ọdún àkọ́kọ́, iṣu tàbí àgbàdo lè wà láàárín wọn. Bí ewé wọn bá ti ń fara kanra, wọ́n á yọ àwọn tó wọ́ àti àwọn tó tín-ín-rín fún òpó àti igi àjà, kí àwọn tó kù lè sanra. Wọ́n ń gé kùkùté sísàlẹ̀, ní dídán, kí omi má dúró lórí rẹ̀. Bó bá rúwé, ẹ̀ka kan tàbí méjì tó le jù ni wọ́n ń dá sí. Àgbẹ̀ ayé àtijọ́ tó ń fi kùkùté sílẹ̀ nínú oko ṣíṣán ló kọ́kọ́ lo irú ìlànà yìí. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹni tó ni oko tíìkì mọ ọdún tí ayùn yóò padà wá.