Ikhana kò sí níbẹ̀ nígbà ife kejì

Láti 1964 tí ìdíje ife àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó gba líìgì nílẹ̀ Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó gbà á. Rangers dé àṣekágbá ní 1975, Shooting Stars dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òfo ni wọ́n mú bọ̀. Ní 2003, Kadiri Ikhana kó Enyimba lọ bá Ismaily ti Íjíbítì: 2-0 ní Aba, 0-1 ní Ismailia. Ife dé. CAF ní òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dára jù lọ́dún náà. Nígbà tí Enyimba tún gbà á ní 2004, Okey Emordi ló wà nípò rẹ̀.

Lónìí, Orji Uzor Kalu, gómìnà Abia ìgbà náà, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́kọ́ dárúkọ. Owó ṣe tirẹ̀, mi ò jiyàn. Àmọ́ ní Ismailia, níbi tí góòlù kan sí i ì bá ti sọ ọ́ di ọ̀mì, owó kọ́ ló to àwọn ará ẹ̀yìn. Ikhana ni.