Bí Ilẹ̀dú Ṣe Dé Orí Àpáta: Ìtàn Kòtò Ìwakùsà Bamburi ní Kẹ́ńyà

Ilẹ̀ tí ó ṣá lọ́wọ́ àgbẹ̀, ìsinmi ni oògùn rẹ̀. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ di igbòrò fún ọdún mélòó kan, ewé yóò wọ́ sílẹ̀, yóò jẹrà, ilẹ̀dú yóò sì padà. Ti ilẹ̀ tí wọ́n ti wa òkúta inú rẹ̀ tán kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí erùpẹ̀ tí yóò sinmi mọ́. Ìtàn Bamburi, lẹ́bàá ìlú Mombasa ní etíkun Kẹ́ńyà, fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere.

Ní 1954 ni ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì Bamburi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà níbẹ̀ jẹ́ ara iyùn inú òkun ní ìgbà láéláé. Wọ́n ro igbó orí rẹ̀, wọ́n kó erùpẹ̀ kúrò, wọ́n sì wa òkúta náà títí ó fi ku díẹ̀ kí wọ́n kan omi abẹ́ ilẹ̀, omi tí iyọ̀ ti wọ̀. Nígbà tí yóò fi di 1971, pápá funfun gbalasa ni ó kù sílẹ̀, oòrùn ń ta sí i láti òwúrọ̀ di alẹ́.

Ọdún yẹn ni wọ́n fi àtúnṣe ibẹ̀ lé René Haller lọ́wọ́. Ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland ni, onímọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn, ó sì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà láti 1959. Ó yẹ kí a rántí pé 1999 ni Kẹ́ńyà tó ṣe òfin gbogbogbòò lórí ìtọ́jú àyíká. Oríṣi igi 26 ni Haller gbìn sórí àpáta náà láti dán an wò. Mẹ́ta péré ni kò kú: àgbọn, igi Conocarpus tí ó wá láti ìhà Sòmálíà, àti casuarina, igi eléwé bí abẹ́rẹ́ tí a máa ń rí ní ọgbà ilé-ìwé nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Casuarina ni ó ṣe dáadáa jù. Iyọ̀ kì í tètè pa á, kòkòrò àìfojúrí kan tí ń gbé inú gbòǹgbò rẹ̀ sì ń bá a fa èròjà naitirójìn láti inú afẹ́fẹ́.

Síbẹ̀, igi hù ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò sí. Abẹ́rẹ́ ewé casuarina ń já sílẹ̀, ó ń gbẹ, kò sì jẹrà, nítorí èròjà tannin tí ó pọ̀ nínú rẹ̀. Ó kàn ń ga lórí àpáta bí òkìtì koríko gbígbẹ ni. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ ì bá ti dúró, bí kò bá ṣe pé Haller kíyèsí ọ̀kùn ẹlẹ́sẹ̀ pupa kan tí ń jẹ ewé gbígbẹ náà. Ó mú kí wọ́n ṣa irú rẹ̀ wá láti ìgbẹ́ àyíká, wọ́n sì dà wọ́n sí abẹ́ igi. Ọ̀kùn jẹ ewé, ìgbẹ́ rẹ̀ di ilẹ̀dú. Irúgbìn mìíràn rí ibi ta gbòǹgbò sí. Kòkòrò tí ọmọdé ń fi igi yí kiri yìí ni ó ṣe ohun tí ẹ̀rọ kò lè ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni adágún ẹja dé, àti ẹranko. Ní 1984 wọ́n ṣí ọgbà náà fún aráàlú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi orúkọ Haller pè é. Ní 1987, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi Haller sínú ìwé ọlá Global 500. Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbé erinmi kékeré kan lọ lẹ́yìn ìjì omi òkun oṣù Kejìlá 2004, tí ó sọ arúgbó ìjàpá kan di ìyá, ọ̀rọ̀ tí ó gba ìròyìn ayé kan ju ti ọ̀kùn lọ.

Ṣùgbọ́n ṣé igbó àtijọ́ ni ó padà? Rárá. Igi àjèjì láti Éṣíà àti Ọsirélíà ni casuarina, kòtò náà sì wà ní kòtò síbẹ̀, nítorí òkúta inú rẹ̀ ti di ògiri ilé. Igbó tuntun ni wọ́n dá. Bí ilẹ̀dú ti ń nípọn ni wọ́n ń gé casuarina tí ó ti dàgbà fún òpó ilé àti igi ìdáná, tí wọ́n sì ń gbin igi ìbílẹ̀ etíkun náà sí àlàfo rẹ̀.