Àtúnṣe Ìwé Ìran Àwọn Ìdílé Wa

A kà nínú Ìwé Ẹ́sírà pé nígbà tí àwọn ìgbèkùn ti Bábílónì bọ̀, àwọn ọmọ àlùfáà kan wá orúkọ wọn nínú ìwé ìran, wọn kò rí i, a sì yọ wọ́n kúrò nínú iṣẹ́ àlùfáà. Ọ̀rọ̀ ìwé ìdílé kì í ṣe eré.

Bí Ìjọ wa ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, a bẹ àwọn ìdílé àtijọ́ kí wọn mú ìtàn ìran wọn wá. A dúpẹ́ pé wọ́n dáhùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀rọ̀ kò bá ara mu ní ibi púpọ̀. A kò wí pé ẹnikẹ́ni purọ́. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa náà wo ẹ̀yìn, a sì rí ohun mẹ́rin tí ó mú wa kọsẹ̀.

Èkíní ni orúkọ. Àjàyí, Ìgè àti Táíwò ń sọ bí a ti bí ọmọ. Wọn kò sọ ilé tí ó ti jáde. Oríkì orílẹ̀ ni kí a béèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ ìrìbọmi. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Kejìlá 1825, Àjàyí ọmọ Òṣogùn ṣe ìrìbọmi ní Sàró, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ ọmọ rẹ̀, T. B. Macaulay, ẹni tí ó dá Grammar School ti C.M.S. sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú òpìtàn Gẹ̀ẹ́sì kan, bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Ìjọra orúkọ kì í ṣe ìbátan.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹbí. Lẹ́nu wa, ẹ̀gbọ́n baba ẹni, baba ni. Èyí dára nínú ilé. Ṣùgbọ́n nínú ìwé, a máa sọ ọmọ àbúrò di ọmọ ẹ̀gbọ́n, ìjà ilé àti ilẹ̀ a sì tẹ̀lé e.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ orí. Ogun ni àwọn baba wa fi ń ka ọdún. Ẹni tí a bí ní ọdún tí Ìjàyè fọ́, ní 1862 ni a bí i; bí ìwé kan bá wí pé ó gbéyàwó ní 1870, ọ̀kan nínú méjèèjì kò tọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin ni ó wúwo jù: orúkọ tí a fi ìtìjú pamọ́. Ogun kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa lẹ́rú, a kò sì kọ orúkọ wọn. Ẹ rántí Afala, ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ogun yà wọ́n ní 1821. Ní 1846 ni wọ́n tó tún rí ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ní 1848 ó ṣe ìrìbọmi, ó di Hannah. Bíṣọ́ọ̀bù kò tijú ìyá rẹ̀. Kí ni àwa ó tijú sí? Bí a bá sì kọ Hannah nìkan, ẹni tí ń wá Afala kì yóò rí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe fá ohun tí àwọn àgbà kọ nù. Ẹ fa ìlà kan lé e, kí a ṣì lè kà á. Ẹ kọ àtúnṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Níbi tí ẹnu kò bá kò, ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìtàn Yorùbá ní 1897, ìwé náà sọnù kí a tó tẹ̀ ẹ́. Bí kò ṣe àkọsílẹ̀ tí ó kù, tí Dókítà Obadiah àbúrò rẹ̀ fi tún un kọ, a kì bá tí rí èyí tí a tẹ̀ ní 1921.

Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó mọ orúkọ gbogbo wa, má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé ti àwọn tí ó bí wa. Àmín.