Ohùn Méjì Láti Inú Kọ̀ǹpútà Kan: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ya Ti Sípíkà Sọ́tọ̀ Kúrò Lára Ti Etí

Níbi òkú àgbà tàbí ìgbéyàwó ní Ìjẹ̀bú-Igbó lóde òní, kò ṣòro láti rí kọ̀ǹpútà alágbèéká níwájú ẹni tó ń gbé orin sí i fún àwọn àlejò. Ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ti wà láti ọdún 1982, tí orúkọ rẹ̀ sì ń jẹ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn títí di 2001, irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kàwé, tó fi ń gbọ́ orin, tó sì fi ń bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí èèyàn bá sì dé àwọn ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, bíi Abígi àti Ìwópin, ṣọ́ọ̀ṣì tó bá ní ẹ̀rọ pùròjẹ́kítọ̀, kọ̀ǹpútà ni yóò fi gbé ọ̀rọ̀ orin sójú ògiri. Iṣẹ́ tí wọ́n kó lé ẹ̀rọ yìí lórí ti pọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ó ní. Ohun tó bá ti inú rẹ̀ jáde, gbogbo èrò ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ìtìjú ti ń wọlé. Ìpè tó dé láìròtẹ́lẹ̀, ìpolówó ọjà tó bẹ́ sáàárín orin ẹ̀mí, orin tí díjéè kàn fẹ́ yẹ̀ wò fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, gbogbo wọn á gba orí sípíkà dé etí èrò. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹni tó ń fi orin jẹun lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù oníbàárà, olórí ìjọ sì lè dójú tì níwájú ọmọ ìjọ. Bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà lè sọ ọ̀rọ̀ kan sí gbangba, kó sì sọ òmíràn sí etí ẹnì kan ṣoṣo lásìkò kan náà, láìjẹ́ pé wọ́n ná owó ńlá lé e lórí.

Pínpín ohùn kì í ṣe yíyà á sọ́tọ̀

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú ọ̀ràn yìí ni ti wáyà ẹlẹ́ka méjì, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní splitter. Ẹni tó rà á yóò ki orí kan bọ kọ̀ǹpútà, yóò so ẹ̀ka kan mọ́ sípíkà, yóò so ìkejì mọ́ hẹ́dífóònù tó fi bo etí, yóò sì rò pé òun ti ya ohùn méjèèjì. Kò yà wọ́n rárá. Ohùn kan náà ló ń ṣàn sí ẹ̀ka méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí omi odò kan tí wọ́n la ojú rẹ̀ sí ọ̀nà méjì. Ohun tí òun ń gbọ́ náà ni èrò ń gbọ́.

Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká sì tún ní ìwà mìíràn. Bí wọ́n bá ti ki wáyà hẹ́dífóònù bọ ihò rẹ̀, sípíkà inú kọ̀ǹpútà á pa ẹnu mọ́. Ẹ̀rọ náà kò bàjẹ́. Ohun kan wà nídìí ihò náà tó ń mọ̀ pé wáyà ti wọlé, òun ló mú kí ohùn yà bàrá sí ọ̀nà tuntun.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ

Nọ́ńbà ni orin jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Lórí àwo sídíì, tó jáde sọ́jà ní 1982, nọ́ńbà 44,100 ni wọ́n fi ń ṣàpèjúwe ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo fún apá òsì, 44,100 mìíràn sì wà fún apá ọ̀tún. Káàdì ohùn ni wọ́n ń pe ẹ̀yà tó ń sọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí di iná tí sípíkà ń gbà, tó fi ń gbọ̀n, tí ohùn fi ń jáde. Káàdì kan sábà máa ń jẹ́ ẹnu kan. Ẹni tó bá fẹ́ ohùn méjì tó yàtọ̀ síra gbọ́dọ̀ wá ẹnu kejì fún kọ̀ǹpútà rẹ̀, tàbí kó pín òsì àti ọ̀tún ẹnu kan tó ti ní tẹ́lẹ̀.

Ẹnu kejì yìí kò ṣòro wá. Káàdì ohùn kékeré wà tí wọ́n ń ki bọ ihò USB, tí òmíràn nínú wọn kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Hẹ́dífóònù tó ní wáyà USB ti ní káàdì tirẹ̀ nínú. Ti Bluetooth náà, ẹnu ọ̀tọ̀ ni. Wáyà HDMI tó lọ sí tẹlifíṣọ̀n tàbí pùròjẹ́kítọ̀ máa ń gbé ohùn pẹ̀lú àwòrán, nítorí náà kọ̀ǹpútà ka òun náà mọ́ àwọn ẹnu rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ihò iwájú àti ti ẹ̀yìn lè dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí káàdì Realtek inú rẹ̀ bá fàyè gbà á. Ìlànà HD Audio tí Intel gbé jáde ní 2004, láti fi rọ́pò AC'97 ti ọdún 1997, wà lára ohun tó mú irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ rọrùn.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó

Nígbà Windows XP, tó jáde ní 2001, ẹnu kan ni wọ́n máa ń yàn fún gbogbo iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, àyàfi bí ètò ìṣiṣẹ́ kan bá ní ààyè tirẹ̀ láti yan òmíràn. Vista tó dé ní 2007 jẹ́ kó ṣeé ṣe láti gbé ohùn ètò kan sókè kí wọ́n sì rẹ ti èkejì sílẹ̀. Windows 7 ti ọdún 2009 wá fi ohun pàtàkì kan kún un: ó ya ẹnu tí orin ń gbà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnu tí ìpè ń gbà. Láti ìgbà náà ni ìpè ti lè máa lọ sí hẹ́dífóònù nígbà tí orin wà lórí sípíkà.

Ẹ̀dà Windows 10 ti oṣù kẹrin ọdún 2018 ló mú kí èèyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹnu fún ètò kọ̀ọ̀kan. Lórí Windows 11, wọ́n á ṣí "Settings", wọ́n á wọ "System", lẹ́yìn náà "Sound", kí wọ́n tó tẹ "Volume mixer". Gbogbo ètò tó ń lo ohùn lásìkò náà á tò sílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n á tẹ̀, wọ́n á sì yan sípíkà tàbí hẹ́dífóònù fún un níwájú "Output device". Ètò tí kò tíì dún lè má hàn nínú wọn, nítorí náà ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i kí ó dún díẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà Apple, ètò ohùn ní ààyè ọ̀tọ̀ fún ìró ìkìlọ̀ kéékèèké, kó má bàa gba ibi tí orin ń gbà. Àwọn tó ń lo Linux lè fi ètò tí wọ́n ń pè ní pavucontrol darí ohùn kọ̀ọ̀kan sí ibi tó bá wù wọ́n. VLC àti Zoom pẹ̀lú ní ààyè tiwọn nínú, tí èèyàn ti lè yan sípíkà tàbí hẹ́dífóònù láìfọwọ́ kan ètò gbogbogbòò. Àwọn tó jẹ́ pé fóònù ni wọ́n ń lò náà kò ṣófo: láti ìgbà Galaxy S8 ti ọdún 2017 ni Samsung ti fi ètò "Separate app sound" sínú àwọn fóònù rẹ̀ kan, tí orin inú fóònù lè fi wà lórí sípíkà Bluetooth nígbà tí ohùn yòókù dúró sínú fóònù.

Ọgbọ́n àwọn díjéè

Ọgbọ́n yìí ti wà kí wọ́n tó kó orin sínú kọ̀ǹpútà. Ní nǹkan bí ọdún 1910 ni Nathaniel Baldwin, ọmọ ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ta hẹ́dífóònù tó ṣe fún àwọn ọmọ ogun ojú omi orílẹ̀-èdè náà. Nílé iṣẹ́ rédíò, hẹ́dífóònù ni olóòtú fi ń gbọ́ àṣẹ tí kò gbọdọ̀ dé etí olùgbọ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Grandmaster Flash, tí wọ́n bí ní Barbados, tó sì dàgbà sí Bronx ní New York, so ohun èlò kan mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè máa gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tó kàn nínú hẹ́dífóònù, nígbà tí èrò ń jó sí èyí tó wà lórí sípíkà. Ohun tí díjéè ìgbàlódé ń ṣe náà nìyẹn. Yóò ti yẹ orin tó kàn wò, yóò ti mọ ibi tí ìlù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí àwọn oníjó tó mọ̀ pé orin fẹ́ yí.

VirtualDJ àti Mixxx, èyí tí wọn kì í sanwó fún, jẹ́ ètò tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ní káàdì méjì yóò fi ọ̀kan fún sípíkà, yóò fi èkejì fún hẹ́dífóònù. Ẹni tí kò ní ju ẹyọ kan lọ lè ní kí apá òsì gbé orin tó ń lọ fún èrò, kí apá ọ̀tún gbé èyí tó ń yẹ̀ wò. Wáyà ẹlẹ́ka méjì tó wà fún èyí yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́: òsì nìkan ló ń gba ẹ̀ka kan, ọ̀tún nìkan ló ń gba ìkejì. Ohun tí wọ́n á pàdánù ni ìyàtọ̀ òsì àti ọ̀tún nínú orin náà, ṣùgbọ́n ní ìta gbangba tí sípíkà kan wà níhìn-ín tí òmíràn wà lọ́hùn-ún, àwọn oníjó kì í sábà fura.

Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́

Àkọ́kọ́ ni pé orin lè ṣàdédé rẹlẹ̀ nígbà tí ìpè bá wọlé. Windows ló ń ṣe é: láti ìgbà Windows 7, bó bá ti fura pé wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, ó máa ń fi ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún gé ohùn yòókù kù. Lábẹ́ "Communications" nínú ètò ohùn àtijọ́, wọ́n lè sọ fún un pé kó má ṣe nǹkan kan.

Ìkejì jẹ́ ti ètò tí wọ́n fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Windows ka gbogbo ojú ìwé tí wọ́n ṣí nínú Chrome sí ètò kan ṣoṣo. Bí YouTube bá wà lójú ìwé kan, tí ìpàdé sì wà lójú ìwé kejì, ẹnu kan náà ni Volume mixer yóò fi àwọn méjèèjì sí. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí wọ́n ṣí ọ̀kan nínú Chrome, kí wọ́n ṣí èkejì nínú Firefox.

Ìkẹta ni Bluetooth. Ohùn rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àsìkò náà kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù kò ní mọ̀, ṣùgbọ́n díjéè tó fẹ́ kí ìlù méjì bára mu yóò mọ̀ kíákíá. Wáyà ló dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìkẹrin ni ìkùnyùnmù tó máa ń bá ohùn wá nígbà tí kọ̀ǹpútà àti sípíkà bá ń gba iná láti ibi tó yàtọ̀ síra. Bí wọ́n bá yọ wáyà iná kọ̀ǹpútà, tí wọ́n lo bátìrì rẹ̀ nìkan, tí ariwo náà sì dákẹ́, ọ̀nà iná ni àrùn náà wà. Wọ́n lè gba ojú iná kan ṣoṣo fún ẹ̀rọ méjèèjì.

Etí kò ṣeé pààrọ̀

Ẹni tó fi hẹ́dífóònù sétí nítòsí sípíkà ńlá máa ń fẹ́ gbé ohùn etí rẹ̀ sókè kó lè borí ti ìta. Ewu ńlá nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ohùn tó bá wà ní ìwọ̀n dẹ̀síbẹ̀lì 80 kò yẹ kó ju wákàtí 40 lọ lọ́sẹ̀. Bó bá fi 3 lé sí i, àsìkò náà gbọ́dọ̀ dín kù sí ìdajì. Ní 2022, àjọ náà tún gbé ìlànà jáde fún àwọn ibi ayẹyẹ, pé ìwọ̀n ohùn níbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 100 lọ. Hẹ́dífóònù tó bo etí pátápátá sàn ju èyí tí wọ́n kàn ki bọ etí, nítorí pé ó ń dí ariwo ìta lọ́nà, ohùn kékeré á sì tó ẹni tó lò ó. Etí tó bá ti bàjẹ́ lọ́nà yìí kì í sábà padà sípò.

Kí èrò tó dé ni ó yẹ kí wọ́n dán gbogbo rẹ̀ wò. Kí wọ́n gbé orin sí sípíkà, kí wọ́n gbé òmíràn sí hẹ́dífóònù, kí ẹnì kan sì lọ dúró níwájú sípíkà láti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tó ń jáde. Kí wọ́n tún yọ wáyà, kí wọ́n sì ki í padà, nítorí pé kọ̀ǹpútà lè gbé gbogbo ohùn sórí sípíkà bí wáyà hẹ́dífóònù bá ṣèèṣì já. Ẹni tó bá ti mọ ibi tí tirẹ̀ máa ń gbà nígbà tí wáyà bá já kò ní bá ìdààmú pàdé níwájú àlejò.